Láti Òṣogbo dé Etíkun: Bí Ẹbí Ṣe Lè Lọ Wo Ẹranko àti Ẹyẹ Ọ̀sà

Omi Ọ̀ṣun tó ń ṣàn kọjá ní Òṣogbo kì í dúró sí Aṣéjìrè. Ó ń lọ títí tó fi ń wọ ọ̀sà Lẹ́kí nítòsí Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ló ti ń bá omi ọ̀sà yòókù wá ọ̀nà dé òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọdé Òṣogbo ló mọ ọ̀bọ inú igbó Ọ̀ṣun dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò tí ì rí akàn tó ń sá wọ ihò lórí iyanrìn, wọn ò tí ì rí ẹyẹ tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láì rì. Ó tó kí àwọn òbí kó wọn lọ. Ìrìn àjò náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń rò ó, owó rẹ̀ sì ṣe é pín bí ẹbí méjì bá háyà bọ́ọ̀sì kan pọ̀. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni pé àwọn èèyàn fẹ́ lọ, wọ́n sì tún fẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó gba Ẹdẹ, Gbọ̀ngán àti Ìkirè, kó tó la Ìbàdàn já, kó bọ́ sí márosẹ̀, kó wá lọ kó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Èkó, wákàtí 5 sí 6 ti lọ. Ẹni tó kúrò ní Òṣogbo ní aago 6 àárọ̀ yóò dé Lekki Conservation Centre, igbó ẹranko tó wà ní Lẹ́kí, lọ́sàn-án gangan, àkókò yẹn ló sì burú jù láti wá ẹranko. Ọ̀bọ ti jẹun tán, ó ti wọ abẹ́ ewé lọ sinmi. Ẹyẹ ti dákẹ́. Ẹ̀tù àti ìgalà kò ní jáde rárá. Kí àwọn ọmọ tó rí nǹkan gidi kan, aago 3 ti lù, awakọ̀ ti ń sọ pé ilẹ̀ yóò ṣú báwọn lọ́nà, òótọ́ ló sì ń sọ.

Ètò tó dára ni pé kí ẹ lọ sùn sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta wo ẹranko, kí ẹ tún padà sùn síbẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àìkú. Bí owó òru kejì kò bá sí, etíkun ni kí ẹ yọ kúrò nínú ètò, ẹ má yọ igbó. Kò sí ẹni tó máa ń wọ igbó yẹn láàárọ̀ tí kì í rí nǹkan kan. Ti etíkun, ó kù sọ́wọ́ omi àti àkókò.

Oṣù tó dára àti ọjọ́ tó dára

Oṣù November sí March ni kí ẹ fojú sí. Òjò ti dín kù, ọ̀nà pákó inú igbó kì í yọ̀ mọ́ bíi ti oṣù June àti July tí òjò Èkó máa ń pọ̀ jù. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ yìí náà ni àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń wà lọ́dọ̀ wa: alápàńdẹ̀dẹ̀ wà lára wọn, àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń sáré lẹ́bàá omi náà sì wà lára wọn. Àkókò tí ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin nìyí pẹ̀lú. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì sí ọdún tuntun nítorí èrò máa ń pọ̀ jù. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ jẹ́ kí ìkùukùu ká kúrò lójú ọ̀nà kí ẹ tó gbéra, bó bá tiẹ̀ gba wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí omi òkun ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà. Ó máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tó bá kún títí di ìgbà tó tún máa kún jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, ìdí nìyí tí àkókò rẹ̀ fi ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Bí omi bá fà tán ní aago 3 ọ̀sán lọ́jọ́ Ẹtì, ní Àbámẹ́ta yóò súnmọ́ aago 4. Ẹ lè rí àkókò omi fún Èkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó yan ọjọ́. Èyí tó bá fà láàárín aago 3 sí 5 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló dára jù, nítorí ìgbà tí omi bá fà ni akàn àti ẹyẹ máa ń jáde wá jẹun lórí iyanrìn àti ẹrẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

Bọ́ọ̀sì

Bọ́ọ̀sì Hiace eléèyàn 14 gba èèyàn 10 tàbí 11 pẹ̀lú ẹrù, ẹ má kó èèyàn 14 sínú rẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn báyìí. Kí ẹ tó san owó, ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀sítírà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà, nínú àmì roboto gígùn kan lẹ́yìn lẹ́tà DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Táyà tó bá ti lé ní ọdún 4, ẹ kọ̀ ọ́, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó. Tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Rọ́bà wọn ti gbẹ, ìpele inú wọn sì máa ń ṣí kúrò lára ara wọn bí ọkọ̀ bá ru ẹrù tó ń sáré lórí ọ̀dà gbígbóná.

Àwọn awakọ̀ kan máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù tí oòrùn bá mú, wọ́n ní kó má baà bẹ́. Ẹ má gbà fún wọn. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ bó ṣe ń yí, títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, ooru yẹn ló sì ń bẹ́ ẹ. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀ kùtù tí táyà ṣì tutù ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wo jáàkì, sípánà táyà, sí-kọ́ṣọ̀n, ẹ̀rọ paná, omi rédíétọ̀ àti bẹ́líìtì. Eré bọ́ọ̀sì akérò lórí márosẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ti Èkó fún pàjáwìrì ni 112 tàbí 767. Ẹ kọ wọ́n sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i.

Ọmọ tó máa ń bì nínú ọkọ̀, ìjókòó iwájú ni tirẹ̀, kó máa wo ọ̀nà, kó má wo fọ́ọ̀nù. Ẹ fún un ní búrẹ́dì gbígbẹ, ẹ má fún un ní mílíìkì.

Ọ̀nà

Láti Ọláìyá ní Òṣogbo, ẹ gba Ẹdẹ àti Akódá já sí Gbọ̀ngán, kí ẹ máa lọ sí Ìkirè. Ẹ ra dòdò Ìkirè níbẹ̀: ó ti dín dénú, kì í tètè bàjẹ́, kò sì nílò kúlà. Lẹ́yìn Aṣéjìrè ni Ìbàdàn, lẹ́yìn Ìbàdàn ni márosẹ̀ Èkó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ẹ má wọ Èkó. Bí ẹ bá dé oríta Ṣágámù, ẹ yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìjẹ̀bú-Òde ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Oríta Ṣágámù yìí máa ń ṣáájú ibi tí ọkọ̀ ti ń há lápá Mowé, pàápàá lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tí àwọn olùjọsìn ń rọ́ lọ sí ibùdó àdúrà. Ẹ kúrò ní Òṣogbo kó tó di aago 10 àárọ̀ kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà.

Omi mímu fún èèyàn 10: àpò píọ̀ wọ́tà 2, tí í ṣe ọ̀rá 40, ìyẹn lítà 20. Ó tó fún ọjọ́ Ẹtì àti àárọ̀ Àbámẹ́ta, kí ẹ wá ra òmíràn. Mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì tí wọ́n dì sínú kúlà nígbà tí kò gbóná púpọ̀ máa ń kan kó tó di ọ̀sán. Bí oúnjẹ bá ti wà ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí 4, ẹ dà á nù. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí ẹ kò sì rí ORS (ìyẹ̀fun oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún un) rà, ẹ po lítà kan omi mímọ́ pọ̀ mọ́ ṣíbí ìmùtíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí ìmùtíì iyọ̀. Gbogbo ṣíbí náà kò gbọdọ̀ ga ju etí lọ, iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ.

Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí

Ní aago 6 ààbọ̀ àárọ̀ Àbámẹ́ta, kí gbogbo yín ti wà létí ọ̀sà. Omi ìhà ibẹ̀ kì í níyọ̀ púpọ̀, odò ló ń bọ́ ọ, nítorí náà ẹ má retí akàn òkun níbẹ̀. Ẹyẹ ni kí ẹ wò. Lékeléke máa ń kúrò lórí igi tí wọ́n sùn sí ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ẹyẹ apẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun máa ń dúró lójú kan lófuurufú, ìyẹ́ rẹ̀ á máa lù kíákíá, á wá já sínú omi lójijì. Lórí òjúoró àti òṣíbàtà, ẹ wá ẹyẹ aláwọ̀ búráùn kan tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Gígùn ìka yẹn ló ń pín ìwọ̀n ara rẹ̀ káàkiri ewé kó má baà rì.

Ewéko olódòdó elésè àlùkò tó ń bo ojú omi kì í ṣe ti ibí látilẹ̀wá. Ọdún 1984 ló wọ omi Èkó. Ó máa ń pọ̀ nígbà òjò, iyọ̀ òkun tó ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń pa á lápá Èkó, ṣùgbọ́n lápá Ẹ̀pẹ́ tí iyọ̀ kì í dé púpọ̀, ó lè wà jálẹ̀ ọdún. Ó máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ wọkọ̀, ẹ bi atukọ̀ bóyá ó ní àjẹ̀ tàbí ọ̀pá lọ́wọ́. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì pọn dandan fún olúkúlùkù. Fún ọmọdé, ẹ so ó tán, kí ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì mú, kí ẹ fà á sókè: bó bá gòkè kọjá àgbọ̀n ọmọ, ó tóbi jù fún un, yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi.

Ẹ̀rọ awòran-jíjìn kan tó fún ẹbí kan. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ni kí ẹ rà tàbí yá. Èyí tó jẹ́ 10x máa ń mú nǹkan tóbi sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé máa ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn náà á tóbi sí i, wọn ò sì ní rí nǹkan kan.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé omi Ọ̀ṣun wà nínú omi tí wọ́n ń wò yìí. Gbogbo wa la rí bí odò náà ṣe pọ́n, tó di ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa wúrà lápá Iléṣà. Ẹja, ẹyẹ àti apẹja tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń gba ohun tí a bá dà sí i lókè. Ó dùn wá gan-an, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n.

Igbó Lẹ́kí

Kó tó di aago 7 ààbọ̀, ẹ ti gbéra lọ sí Lekki Conservation Centre, lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Lẹ́kí, kí ẹ lè kọjá Àjáh kó tó há. Nigerian Conservation Foundation ló ni í, àjọ tí Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá sílẹ̀ ní 1980. Ọdún 1990 ni wọ́n ya igbó náà sọ́tọ̀. Hẹ́kítà 78 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá igbó Ọ̀ṣun tiwa dọ́gba, èyí tó jẹ́ hẹ́kítà 75, tí UNESCO sì kọ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Owó ìwọlé máa ń yí padà, ẹ wò ó lórí ìkànnì wọn lọ́sẹ̀ tí ẹ máa lọ.

Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi àbàtà, ẹ fi afárá orí igi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn. Afárá náà, tó gùn ní mítà 401, kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nì àti awọ́nríwọ́n máa ń kúrò lójú tí ariwo bá ti pọ̀. Ẹ pín ara yín sí mẹ́rin mẹ́rin, kí àlàfo wà láàárín ọ̀wọ́ kan sí èkejì. Èèyàn 11 tó ń rìn pọ̀ lórí pákó, ìró ẹsẹ̀ wọn nìkan ti tó láti lé gbogbo nǹkan. Bí ẹ bá dé ibi tí omi dúdú wà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 láì sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ máa fi ìka ka iye ohùn tí wọ́n gbọ́. Bí ọ̀nì bá wà nínú omi, ẹ ò ní rí ara rẹ̀. Ojú méjì àti imú ló máa ń yọ, ó sì máa ń dà bíi kùkùté. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ na ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kọjá etí pákó.

Ọ̀bọ mona ni ẹ ó rí jù. Ojú rẹ̀ dúdú, irun ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àyà rẹ̀ funfun, àmì funfun kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Wọn ò bẹ̀rù èèyàn mọ́, wàhálà sì ti wà níbẹ̀. Ìró ọ̀rá nìkan ti tó láti pè wọ́n sọ̀ kalẹ̀, torí wọ́n ti mọ̀ pé gúgúrú tàbí bisikíìtì ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo oúnjẹ, títí kan dòdò Ìkirè yẹn, inú ọkọ̀ ni kó wà. Àpò tó ní síìpù ni kí ẹ gbé wọlé, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ rárá: ọ̀bọ tó bá mọ ọwọ́ èèyàn yóò máa já nǹkan gbà, ọmọ kékeré tó dì í mú ni yóò sì ya lára. Ẹ má wo ojú wọn láìṣẹ́jú, ẹ má sì rẹ́rìn-ín sí wọn pẹ̀lú eyín lóde, ìhàlẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Bí ọ̀kan bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, kí ọmọ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀bọ bá buni jẹ tàbí tó ha ni títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àrùn ajá dìgbòlugi. Ẹ má fi epo, ata tàbí àgúnmu kankan sí i. Àrùn náà kò ní ìwòsàn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára èèyàn, abẹ́rẹ́ tí a tètè gbà ló ń dènà rẹ̀.

Sálúbàtà tó ní okùn lẹ́yìn tàbí bàtà kańfáàsì ni kí wọ́n wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Afárá orí igi máa ń mì, sílípáàsì tó bá já bọ́ kò ṣe é wá. Ìyá àgbà tó wọ ìró, tàbí ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti gun un tó wá bẹ̀rù láàárín á dí gbogbo èèyàn lọ́nà.

Etíkun

Ẹ jẹun ọ̀sán, ẹ sinmi, kí ẹ dé etíkun ní nǹkan bí aago 4. Iṣẹ́ ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ti yí àwọn àbáwọlé kan padà, nítorí náà ẹ bi àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì yín ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nípa èyí tó ṣí.

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Iyanrìn etíkun Èkó máa ń rẹlẹ̀ lójijì, ìgbì á wó sórí ilẹ̀, á sì fa ẹsẹ̀ èèyàn padà sínú ibú. Kí omi má kọjá orúnkún ọmọ, kí àgbàlagbà kan di ọwọ́ ọmọ kan mú, kì í ṣe méjì. Ẹni tí omi bá ń fà lọ, kó má bá a jà láti padà tààrà. Kó léfòó, kó máa yà sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí agbára omi yóò fi dẹ̀ ẹ́. Ẹ má tẹ́ ẹní sábẹ́ àgbọn tó ní èso.

Lókè ibi tí omi kò dé, ẹ ó rí àwọn ihò róbótó. Akàn aláwọ̀ iyanrìn ló gbẹ́ wọn. Ẹ jókòó ní mítà 3 sí ihò náà, kí ojìji yín má bọ́ sórí rẹ̀, kí ẹ má mira fún ìṣẹ́jú 5. Ojú rẹ̀ tó dúró lórí ọ̀pá kékeré méjì ni yóò kọ́kọ́ yọ. Nǹkan bí ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò, ẹ má sì wú u. Bí ẹ bá kọjá ibi tí igi ẹ̀gbà (mangrove) wà lẹ́bàá ọ̀sà tí omi ti fà, ẹ wo orí ẹrẹ̀: akàn kékeré tí akọ rẹ̀ ní ọwọ́ ńlá kan ṣoṣo wà níbẹ̀, tó ń fì í láti pe abo, àti ẹja kan tó ń fi lẹbẹ rìn lórí ẹrẹ̀, tó sì ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ìjàpá òkun kì í yé ẹyin lọ́sàn-án. Òru ló ń gòkè. Ó ń yé nǹkan bí ẹyin 100 sínú ihò kan, wọ́n sì ń pa lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 2. Ẹni tó bá sùn sí ẹ̀bá òkun lè rí ipa rẹ̀ ní ìdájí, ó máa ń dà bí ìgbà tí táyà katakata kọjá láti inú omi lọ sókè. Ẹ má tẹ̀lé e pẹ̀lú iná fọ́ọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ máa ń mú abo padà sínú omi láì yé, ó sì máa ń ṣi àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lọ́nà débi tí wọ́n fi ń rìn kúrò lójú òkun títí wọ́n fi ń kú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìjàpá òkun láàyè, ẹyin rẹ̀ tàbí ẹran rẹ̀ wá tà, ẹ má rà á, kódà bí àánú bá ṣe yín pé kí ẹ rà á kí ẹ tú u sílẹ̀. Owó yẹn ló ń mú kí wọ́n lọ wá òmíràn. Òfin Nàìjíríà dáàbò bò wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹja nínú ọjà Ẹ̀pẹ́ kí ẹ tó gbéra, ẹ wo ojú ẹja kó mọ́ kó sì yọ síta, ẹ ṣí ìwárẹ́rẹ́ rẹ̀, ibi tó fi ń mí, wò kó pọ́n. Yìnyín kìlò kan fún ẹja kìlò kan ni kí ẹ fi sínú kúlà, ìpele yìnyín kan, ìpele ẹja kan, kí ti òkè pátápátá jẹ́ yìnyín. Ẹ ṣí ihò ìsàlẹ̀ kúlà díẹ̀ kí omi tó ń yọ́ lè máa jáde, nítorí ẹja tó bá wà nínú omi yìnyín tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́ yóò ti rọ̀ kí ẹ tó dé Gbọ̀ngán.